Ọjọ́ Tí Adéwọlé Kọ́kọ́ Gun Orí Ìtàgé

Adéwọlé kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bó ṣe ń jókòó ló tún ń dìde, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti ṣílẹ̀kùn tíátà tó wà lódìkejì títì. Agnes ìyàwó rẹ̀ kàn ń wò ó ni.

Ìkòtún ni wọ́n ti wá sí Erékùṣù Èkó lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Oníṣẹ́ iná ni Adéwọlé. Ilé tó ti fa iná wọ̀ ládùúgbò wọn kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni eré orí ìtàgé ti wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fárígá pé ọmọ òun ò ní di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Irun ti ń funfun lórí Adéwọlé kí Akínbọ́lá, olùdarí eré kan, tó rí i nínú eré Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó sì ní kó wá ṣe aṣọ́bodè ọba nínú eré tuntun òun. Òní gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe é.

Agnes ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun. Ilé oúnjẹ tí wọ́n yà sí, bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é. Àwòrán ọkọ̀ ńláńlá wà lára ògiri, àwọn oníbàárà wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń fọwọ́ jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé ara rẹ̀. Bọ́gà, búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí wọ́n gbé wá, ga débi pé Adéwọlé ò mọ ibi tí òun máa ti gé e jẹ. Ó mú ọ̀dùnkún díndín kan, ó tún dá a padà.

“Ẹ jẹun jàre, Dádì Hope.”

“Kí ni mo máa sọ tí ọba bá jáde?”

“‘Kábíyèsí, àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀.’”

“Àlejò kan wà…” Ó tún dìde. “Mo fẹ́ lọ tọ̀.”

Kò tètè dé. Ọkàn Agnes náà ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tó jáde, ẹ̀bá títì ló ti bá ọkọ rẹ̀, tó ń béèrè ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kan.

“Ibo lẹ ń lọ?”

“Ilé. Tí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́?”

Agnes ò pariwo. “Tẹ́ ẹ bá wà lórí àkàbà, táwọn èèyàn ń wò yín nísàlẹ̀, kí lẹ máa ń wò?”

“Wáyà ni, ṣá.”

“Ó dáa. Ọba ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má wo èrò.”

Adéwọlé yíjú padà sí ilé oúnjẹ náà. “Ṣé wọn ò tíì kó oúnjẹ wa?”

Wọn ò tíì kó o. Ó jẹ ìdajì bọ́gà náà lórí ìdúró, ó sì sáré kọjá sí tíátà.

Lórí ìtàgé, ó dojú kọ ọba. “Kábíyèsí, àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà…” Ìyókù fò lọ. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Níbi tí Agnes jókòó sí, ó ń fi ètè lásán sọ ìyókù fún un.

“Mo bi í lórúkọ,” ni Adéwọlé wí, “ó ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín.”

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọba fúnra rẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú kó má bàa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn eré, Akínbọ́lá dì mọ́ ọn, ó ní bó ṣe máa sọ ọ́ lọ́la náà nìyẹn.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé, Adéwọlé ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Ìyá Hope, ṣé ohùn mi dé ẹ̀yìn pátápátá?”

“Ó dé ẹ̀yìn.”

“Ó dá ẹ lójú?”