Àdúrà Tíṣà Adéṣínà fún Àwọn Tí Kò Ní Ìwé

Bí ẹ bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Awà lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ sì fẹ́ gbọ́ àdúrà Tíṣà Zechariah Adéṣínà, ẹ tètè dé kí ẹ lè jókòó síwájú, torí ohùn baba náà ti ń lọ sílẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gba àdúrà ẹ̀bẹ̀ fún ìjọ. Èmi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an la sì ń jókòó sí. N kò ní purọ́, àdúrà yẹn ti mú mi tòògbé lọ́pọ̀ ìgbà, torí ó máa ń gùn. Ohun tó ń mú un gùn ni pé Tíṣà kì í gbàdúrà fún "gbogbo aláìsàn" kó sì kọjá lọ. Orúkọ ló ń pè.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbà pé olùkọ́ tó bá wọ kíláàsì tó kí gbogbo ọmọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ ẹni tí kò wá. Bó ṣe mú àdúrà náà nìyẹn. Á pe orúkọ rẹ, á pe orúkọ ìyá tó bí ọ, á sọ ibi tí ò ń gbé, á wá sọ ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an, kí Ọlọ́run má baà ṣi ilé yà. Ìgbà kan wà tó gbàdúrà fún jẹ̀díjẹ̀dí alàgbà kan lójú gbogbo ìjọ. Alàgbà náà dìde dúró, ó ṣe àmín tọkàntọkàn. Ìyàwó rẹ̀ lojú tì. A fẹ́ràn Tíṣà bẹ́ẹ̀ náà. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn á ti tò lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa sọ tẹnu wọn sí i létí, á máa mi orí.

Àwọn ọmọ Tíṣà kò rìn jìnnà. Ọ̀kan ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èkejì ní Òkè-Àgbò. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀, kò sì ní ọmọ tó ń sá fún ọlọ́pàá ní ìlú onílùú. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò ní ibi tí ì bá ti kọ́ ohun tí kò mọ̀ nípa ayé àwọn tó wà lókè òkun.

Nígbà tí ààrẹ tuntun gorí àga ní Amẹ́ríkà, tó ń fọwọ́ sí àṣẹ lórí àṣẹ láti ọjọ́ kìíní, pé kí wọ́n lé àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ẹ ó rò pé Awà ló dìbò fún un. Wọ́n ń jà sí i nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n ń jà sí i ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò tíì ní owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn ń ṣàlàyé òfin ibodè Amẹ́ríkà fún ara wọn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọláfẹ́mi tí í ṣe Bàbá Ìjọ ló ṣáájú àwọn tó ní ohun tí ààrẹ náà ṣe dára. Adéṣọlá ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ìlú lọ́hùn-ún, ó tiẹ̀ dìbò fún ọkùnrin náà. Bàbá Ìjọ ní onílé ló ni ẹnu ọ̀nà, ẹni tí wọn kò bá sì pè kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá ní kó jáde.

Ẹni tó ń kọjú ìjà sí i ni Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó gba ìdajì àwọn ọmọ Awà sí ọwọ́. Pẹ̀lúmi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, fi ìwé àbẹ̀wò lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì padà mọ́. Ó ti pẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún ní ọmọ òun kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ fífọ mọ́tò ló ń ṣe, ẹni tó bá sì ń lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àánú. Ṣùgbọ́n kí n tó gbè sẹ́yìn rẹ̀ tán, mo rántí ìgbà tí kámpù àwọn tí ogun lé láti Làìbéríà wà ní Òrù níbí. Rẹ̀mílẹ́kún yìí kan náà ló ń kígbe nígbà yẹn pé wọ́n ti pọ̀ jù, pé wọ́n ń ṣá gbogbo igi ìdáná tán, pé kí ìjọba kó wọn lọ sílé wọn. Ọ̀rọ̀ àwa ọmọ aráyé rèé. Ó ń rẹ̀ mí.

Jason tó ń bá wa gbé ìsìn sórí ayélujára láti ìgbà kòrónà, inú kámpù yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí kámpù tú, kò lọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù fóònù, ó fẹ́ ọmọ Òrù, ó sì ń sọ Ìjẹ̀bú ju àwọn ọmọ mi lọ. Wọ́n bi í lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn pé níbo ló wà nínú ìjà yìí. Ó ní òun kò sí níbì kankan. Ó ní láti kékeré lòun ti ń jókòó tì àwọn àgbà tó ń jiyàn bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun dúró, ó ti sú òun láti gbọ́. Ó kó wáyà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kejì, Rẹ̀mílẹ́kún lọ bá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́. Ó ní wọ́n ti ń mú ènìyàn níbi iṣẹ́ ní ìlú tí Pẹ̀lúmi wà, ọkàn òun kò balẹ̀, kí Tíṣà bá òun dárúkọ ọmọ náà dáadáa. Tíṣà sì dárúkọ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àkókò tó, ó pe Pẹ̀lúmi, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ní Houston ló ń gbé, ó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló wà, ó sọ orúkọ òpópónà rẹ̀, ó ní ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni kò tíì jáde, kí Ọlọ́run fi ìyẹ́ rẹ̀ bò ó kí àwọn tó ń wá irú rẹ̀ má rí i. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Jason wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ẹni tó ronú kàn án.

Kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín, ẹnìkan ti gé ibi tí Tíṣà ti ń gba àdúrà náà, wọ́n ń fi fọ́rán rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Yorùbá ni wọ́n o. Jason pa tiwa rẹ́ kúrò lórí ìkànnì ìjọ, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e han Pẹ̀lúmi. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ti kúrò nínú yàrá òun, kí ó má pe nọ́ńbà yẹn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún wá bá Tíṣà nílé rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Kò pariwo. Obìnrin tó máa ń sọ Yorùbá ìwé bí ó bá wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, Ìjẹ̀bú ló fi bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Tíṣà, Ọlọ́run ti mọ ọma mi kẹ́ẹ tó dárúkọ ẹ̀. Ta lẹ wá ń sọ ọ́ fún?"

Tíṣà lè sọ pé Rẹ̀mílẹ́kún ló ní kí òun dárúkọ rẹ̀, ìyẹn ì bá jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó dìde, ó sin obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé ọjọ́ orí ti mú un.

Wọ́n pe ìpàdé ìjọ. Ẹ ó rò pé nítorí ọmọ tó sọnù ni. Ọ̀rọ̀ ààrẹ Amẹ́ríkà ni wọ́n tún gbé dìde. Bàbá Ìjọ ní òfin ni òfin, àwọn tó gba ẹ̀yìn wọlé ló ń ba orúkọ àwọn tó gba iwájú jẹ́, Adéṣọlá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lórí fóònù. Ẹlòmíràn ní kí ni kí á wá máa pe ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n pín sí méjì, wọ́n ń na ọwọ́ sí ara wọn, ẹnìkan sì ju ọ̀rọ̀ lu Tíṣà pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fíkà wa, ọmọdé alùfáà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, pàṣẹ pé láti òní lọ, wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà lókè òkun nínú àdúrà mọ́. "Àwọn ọmọ wa tó wà lájò" ti tó. Tíṣà ní òun ti gbọ́.

Ó pa àṣẹ náà mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń sọ "àwọn ọmọ wa tó wà lájò", ohùn rẹ̀ a sì gbẹ bí ti ọmọ ilé ìwé tó ń ka ohun tí kò yé e. Àdúrà rẹ̀ kúrú. Ó yẹ kí inú mi dùn sí i, kò dùn. Rẹ̀mílẹ́kún ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá ti dìde, á gbé báàgì rẹ̀, á jáde lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò títí àdúrà á fi parí. Gbogbo wa ń wò ó bó ti ń jáde. Bàbá Ìjọ náà ń wò ó. Bí oṣù ṣe ń kọjá nìyẹn, kò sí ìròyìn ọmọ, ìjà ààrẹ kò sì tán.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Pẹ̀lúmi dé. Ẹnikẹ́ni kò mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó bá ọkọ̀ wálé, ó gbé àpò kan ṣoṣo. Ó ní láti ìgbà náà lòun ti ń sùn nílẹ̀ yàrá àwọn ọ̀rẹ́, òun kò lè ṣiṣẹ́, òun kò lè jáde lọ́sàn-án. Rẹ̀mílẹ́kún se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. A lọ kí wọn. Kí ọmọ náà tó jẹun tán, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá Ìjọ ní ṣé ẹ rí i báyìí, àṣẹ ààrẹ náà ṣiṣẹ́, ọmọ padà sílé láìfarapa. Àwọn kan ní ìwà ìkà lèyí. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo wò ó, ó ń jẹun lọ, ojú rẹ̀ wà nínú abọ́. Mo bínú, mo dìde, mo lọ sílé mi.

Tíṣà kò bá èrò lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló lọ, ó ní kí n sin òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Bí Pẹ̀lúmi ti jáde, Tíṣà ṣí fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síwájú. Àgbàlagbà tó kọ́ ọmọ náà ní A B D. Pẹ̀lúmi yára dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n dé fìlà wọn.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ lé mi," ó ní. "Ẹ̀rù ti wà lára mi kẹ́ ẹ tó ya ẹnu."

Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde. Pẹ̀lúmi wá sọ ohun tí kò sọ lójú èrò àná. Ó ní òun bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀, Ọ̀rẹ́dọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà. Òun ló máa ń lọ mú un nílé ìwé. Nígbà tí fọ́rán yẹn jáde, kò lè sún mọ́ ilé ìwé náà mọ́, torí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun lójú ọmọ. Agbẹjọ́rò ti sọ fún un pé bó bá fi lè jáde, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó lè gbà á wọlé mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jáde, nítorí ó rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ bá mi dárúkọ ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá."

Tíṣà ní Fíkà kò gbà á láyè mọ́, kò sì yẹ kí òun tún ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

"Ọmọ ibẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹ pè é sókè, kò sẹ́ni tó lè mú un."

Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà. Rẹ̀mílẹ́kún ń wo ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí Tíṣà dìde, Rẹ̀mílẹ́kún gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ṣùgbọ́n kò jáde. Tíṣà gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ wa. Ó gbàdúrà fún ààrẹ Amẹ́ríkà, pé kí Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n. Bàbá Ìjọ ṣe àmín kíkan, àwọn tó kù kò ṣe é. Tíṣà kò sọ ti àwọn ọmọ wa tó wà lájò, Fíkà sì gbé ojú sókè wò ó.

"Ọ̀rẹ́dọlá," ó ní, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù kejì. "Ọmọ Pẹ̀lúmi, ọmọ-ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún, ará Awà. Houston ló ń gbé. Olúwa, ọmọ náà kò ṣàìsàn. Bàbá rẹ̀ ni kò rí."

Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí á ṣe àmín. Bàbá Ìjọ gan-an ń wo ilẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ṣe tirẹ̀. Pẹ̀lúmi ti wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn, ó ń bi Jason bóyá ó ń gbé e jáde. Jason ní ó ń gbé e jáde. Aago mẹ́wàá ti kọjá lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún ilẹ̀ kò tíì mọ́, ọmọ náà á ṣì máa sùn.