Eégbọn lára alágẹmọ mi

Mi ò ní lé alágẹmọ mi jáde o, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Láàárọ̀ yìí, mo rí i tó ń fi ara ha igi ṣáá. Mo gbé e sórí ewé gúáfà. Gbogbo ara ẹ̀ di àwọ̀ ewé, àfi àmì dúdú mẹ́ta lábíyá ẹ̀ tí kò yí padà. Mo fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn.

Eégbọn! Wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ yó.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo mú ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń fa irun àgbọ̀n, mo ń yọ wọ́n jẹ́jẹ́. Ni Màmá onílé wa bá yọ.

"Háà! Ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, níbi tí obìnrin kì í ti í rí Agẹmọ, obìnrin gbé alágẹmọ lé ẹsẹ̀! Gbé e fáwọn eléwé-ọmọ, wọ́n á rí i lò."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò sìn ín fún oògùn."

"Fọ́n òtapíápíá sí i nígbà yẹn, kí eégbọn yẹn kú."

"Òun náà á kú, mà. Ṣé ẹ máa ń fọ́n ọn sí ajá yín lára ni?"

Alágẹmọ mi fi ojú kan wò mí, ó fi ìkejì wo Màmá.

Nígbà tí mo ju ẹ̀kẹta sínú omi ọṣẹ, Màmá rẹ ohùn sílẹ̀: "Jọ̀ọ́, bá mi yẹ etí ajá mi wò."

Etí kan ṣoṣo, mo yọ mọ́kànlá!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dá ẹjọ́ yìí: ta gan-an ló ń sin eégbọn nílé yìí?