Awọ Inú Àlùbọ́sà

Bí màmá wa bá ti mú àlùbọ́sà láti gé nílé wa ní Amukoko, àbúrò mi obìnrin á ní kí wọ́n dúró. Á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, á nà án sójú fèrèsé. "Mọ́mì, yàrá-yàrá ló wà nínú ẹ̀ o, bíi fési-mí-ai-fési-yú wa yìí."

Ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́ ní yunifásítì. Fòníkú-fọ̀ladìde ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré, ó sì ní ohun tó ń jẹ òun níyà, òun máa wo ojú ẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tó rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nínú maikirosikóòpù, ó pè mí lórí fóònù: "Bọ̀ọ̀dá mi, ó tẹ̀ bíi dòjé. Nǹkan kékeré yìí ló ń gbé mi ṣánlẹ̀!"

Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ní yunifásítì, ìrora àìsàn náà tún dé. Àwọn trélà tó ń lọ èbúté Tin Can ti dí Malu Road pa. Bàbá wa pọ̀n ọ́n, wọ́n ń sáré lọ sọ́sípítù. Ẹ̀yìn bàbá wa ló kú sí.

Mọ́mì ṣì máa ń bó awọ yẹn bí àbúrò mi ṣe kọ́ wọn. Lánàá, wọ́n nà án sójú fèrèsé, wọ́n pè mí.

"Ṣé ó ti fẹ́lẹ́ tó báyìí? Àbúrò ẹ máa ń sọ pé tèmi nípọn jù."