Síkúrù Kẹrin

Mẹ́rin-Mẹ́rin là ń pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́lé. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ń kọ́lé, èyí tí wọ́n ká létí bíi páànù. Níbi tí ilẹ̀ yàrá òkè bá ti pàdé ògiri, irin onígun ló fi ń so wọ́n pọ̀, síkúrù mẹ́rin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó bá fi mẹ́ta sí i, kó wá iṣẹ́ míì lọ.

"Àárín ilẹ̀ kì í pààyàn," a máa wí, "etí rẹ̀ ni."

Èmi, káfíńtà ni mí. Igi ni mo mọ̀. Mo máa ń fi irin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àbùkù.

Ó wá ń kọ́ ilé tirẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí i títí ilé á fi parí. Ilé ku díẹ̀, ìyá ìyàwó kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n padà.

"Ọmọ mi ò ní sùn lórí agolo."

Oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin náà ń dáná fúnra rẹ̀, ó sì rù bí irin tó fi ń kọ́lé.

Ló bá ní kí ìyá fúnra rẹ̀ wá jókòó sókè. Bí ilẹ̀ bá mì, kí ó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá dé. Ó sanra, kò sì tijú rẹ̀. Ó kó àbúrò rẹ̀ méjì dání, àwọn náà kì í ṣe ẹni à ń fọwọ́ kan gbé. Wọ́n jókòó létí ilẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti irin ògiri. A ò tíì fi pátákó bo ògiri náà, àlàfo ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi àti Mẹ́rin-Mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Ó gun àkàbà, ó ń ka síkúrù.

"Ṣé ó ń mì, Màmá?"

"Kò tíì mì. Ẹ̀rù mi ló ń bà á."

Ó dé abẹ́ ibi tí ìyá jókòó sí gan-an, ó dáwọ́ kíkà dúró. Ó fìka tọ́ ihò kan. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

"Káfíńtà, má sọ̀rọ̀ o."

"Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni?"

Ó fa ẹ̀rọ tó fi ń yí síkúrù yọ, ó fi ìkánjú yí ẹ̀kẹrin wọlé. Etí aṣọ ìyá ti gba àlàfo wálẹ̀ síbẹ̀. Mẹ́rin-Mẹ́rin ò rí i.

"Kí ló ń kùn lábẹ́ mi?"

"Eku ni, Màmá."

"Nínú agolo!"

Ìyá ní ó tó, òun ń lọ. Ó dìde, aṣọ fà á padà, ó fìdí jókòó gbì! Ilẹ̀ ò mira.

"Ta ló dì mí mú?"

Àwọn àbúrò fà á, fà á, wọ́n fà á tì. Mẹ́rin-Mẹ́rin gòkè, ó tẹríba.

"Màmá, mẹ́ta ni mo fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló mú aṣọ yín. Ẹ jẹ́ kí n tú u."

"Tí o bá tú u, mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta."

"Kí n wá já bọ́? Gbé àlùmọ́gàjí wá."

Wọ́n gé aṣọ. Ìrépé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó kó dé. Ìyá náà kó dé. Yàrá orí síkúrù yẹn ló mú. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò pè é.

Mo ní, ta ló ní kó o so ó mọ́lẹ̀?