Ìyá Aránṣọ àti Ìwé Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀

Kí ìwé náà tó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé, ó ti ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́. Baálé ilé gbé e wọ ilé ìyàgbẹ́, kò jáde mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa sùn bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kanlẹ̀kùn: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi. Èmi ni mo rà á!"

Ìyá Aránṣọ, ìyá ilé, nìkan ni ò bá wọn du ìwé náà. Ó jókòó ti agolo bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n, àwọn funfun lọ́tọ̀, àwọn dúdú lọ́tọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé òun wà níbẹ̀?

Òṣèré ni Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ yìí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn. Tó bá kàn yọjú lórí ìtàgé lásán, àwọn òǹwòran á ti máa di ikùn mú. Ìyá Aránṣọ ló rán gbogbo aṣọ tó fi ṣeré, láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ títí dé ìgbà tó sanra débi pé aránṣọ ń fi ọgbọ́n tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ kó lè gbà á, láìsọ fún un. Òun ló ń bọ́ kóòtù lọ́rùn rẹ̀ nínú òkùnkùn ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tó sì ń gbé òmíràn wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ tán. Ìdí abẹ́rẹ́ ni ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò lè ka lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èèyàn, kò burú tó bá retí ìlà kan péré.

"Ẹ kà á sókè," ló wí níjọ́ kan, bí ẹni pé òun ló ń ṣe wọ́n lóore. "Ariwo ẹ̀rín yín ò jẹ́ n gbádùn."

Bí ìwé kíkà ìrọ̀lẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ká sọ tòótọ́, ìwé náà dùn. Irọ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àmọ́ irọ́ tí ò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá ni. Àwọn kan á kọ ìwé nípa ara wọn, ẹsẹ̀ wọn ò ní yọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eléyìí ti ṣubú lójú ìwé kìíní, kò sì dìde dáadáa títí tó fi parí. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ lórí ìtàgé, ló bá ń bi àwọn òǹwòran bóyá wọ́n ti jẹun. Ó kọjá lára òkú inú eré, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́, òkú náà sì dáhùn. Bí èèyàn bá fẹ́ bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti pa ìwé dé, inú rẹ̀ á tún bàjẹ́. Wọ́n ti ka ti aṣọ́nà tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ já sínú tíì. Wọ́n ti ka ti ológbò onílé, odindi orí kan.

"Ológbò!" Ó ju bọ́tìnnì sínú agolo. "Ṣé ológbò ló ń bá a rán ìdí ṣòkòtò tó bá ya ni?"

"Màmá, ó kù díẹ̀ ká parí ẹ̀," ọmọ rẹ̀ wí, ó ń gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ parí ẹ. Kò kàn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà ṣí orí tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ohun tí Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ kọ síbẹ̀ rèé:

"Obìnrin kan wà tó ń rán aṣọ ní ilé eré wa. Gbogbo ayé ni mo pa lẹ́rìn-ín, n ò rí òun pa. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń wọn etí ṣòkòtò mi, mo máa ń dán ẹ̀fẹ̀ tuntun wò lójú rẹ̀. Á kàn máa wò mí bí ẹni ń wo òrùlé tó ń jò. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ náà ti dára, mo gbé e lọ sórí ìtàgé. Ká ní ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti ya ọ̀lẹ. Níbi tí mo ti ń wá ẹ̀rín rẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ohun tí ẹ fi ń yìn mí. Ẹ̀rín náà gan-an ni n ò rí."

Baálé ilé yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìwọ tó o máa ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín wọlé! Ṣebí ẹnu ẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdajì ẹ̀fẹ̀ inú ìwé yìí!"

"Píìnì ló wà lẹ́nu mi!"

Ẹ̀rín gbé bàbá àti ọmọ ṣubú. Ẹni tó bá ránṣọ rí mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá kúnlẹ̀ sídìí oníṣòkòtò, tí ọwọ́ kan di etí aṣọ mú, tí ọwọ́ kejì ń gún un ní píìnì, àárín ètè ni àwọn píìnì yòókù ń gbé. Ẹ̀rín díẹ̀ báyìí, ó di inú ọ̀fun, ó di ilé ìwòsàn. Ṣe ni Ìyá Aránṣọ ń gbé ẹ̀rín tirẹ̀ délé. Kò sì ronú kàn án rí pé ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún lè máa dúró de ẹ̀rín aránṣọ.

Ìyá Aránṣọ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn pé òun wà nínú ìwé, àmọ́ àánú ọkùnrin náà ṣe é débi pé kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ wá sí ilé ìtàwé láti buwọ́ lu ìwé fún àwọn tó rà á, Ìyá Aránṣọ tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Irun òṣèré ti funfun, ẹnu rẹ̀ ò tíì sinmi. Bó ṣe gbójú sókè tó rí i, ó dìde.

"Ìyá Aránṣọ! Ṣé ẹ ti kà á? Ẹ má bínú sí mi o."

Ìyá náà la ẹnu gbàgà. "Wò ó dáadáa. Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ahọ́n kan, àti eyín méjì tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Aránṣọ. Ó fọwọ́ ti tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé: píìnì, ètè, ọ̀fun. Àwọn tó wà lórí ìlà ń wo ara wọn lójú.

Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ padà jókòó. "Píìnì? Ẹ ti sọ ìwé mi dirọ́ nìyẹn."

"Ṣé òun nìkan ni irọ́ inú ẹ̀ ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sí i lójú. "Láti ọjọ́ yìí wá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ìwọ dákẹ́ rí?"

Ọ̀gá Ẹ̀fẹ̀ gbé kálàmù sílẹ̀. Ó fa àga kan sún mọ́ ìyá náà. Ìyá Aránṣọ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn tó pa á lẹ́rìn-ín fún un, láti orí ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́.