Ewì Tí Mi Ò Gbà Sílẹ̀

Òórùn tó máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn ní Rosenberg, nílùú òyìnbó níbí, ni ti ewé kan tí wọ́n ń jù sínú òróró gbígbóná, tó máa ń ta pàràpàrà, tó sì máa ń wọ aṣọ èèyàn lọ títí dalẹ́. Curry ni wọ́n pe ewé náà, àmọ́ kò bá curry inú ike tiwa tan rárá. Tí mo bá wakọ̀ láti Alief débẹ̀ láàárọ̀, òórùn yẹn ló máa ń sọ fún mi pé ọmọ bàbá tí mò ń tọ́jú ti dáná tán, pé ó ti gba freeway lọ síbi iṣẹ́, pé ó wá ku èmi àti bàbá. Títí dòní, tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará India ní Stafford, ńṣe ni mo máa ń yí gíláàsì ọkọ̀ mi sókè.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ìwọ náà kúkú ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, o mọ bó ṣe ń rí: wẹ̀ wọ́n, fún wọn lóògùn, bá wọn rìn yí ilé ká. Akéwì ni bàbá. Èdè Telugu, tí wọ́n ń sọ ní apá gúúsù India, ni wọ́n fi ń kéwì. Òun náà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ìgbà tí ìyàwó wọn kú ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ ẹnjiníà níbí, lọ mú wọn wá. Ìwé mẹ́fà tí wọ́n kọ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ-ọmọ ò sì lè ka lẹ́tà kan níbẹ̀. Ọmọ wọn gan-an ń sọ èdè náà o, àmọ́ tó bá fẹ́ kà á, á máa ṣe kólòlò, torí bàbá fúnra wọn, olùkọ́ Telugu, ló fi í sí iléèwé tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n sọ èyí fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Ọmọ tèmi náà ò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" àti orúkọ oúnjẹ lọ.

Bàbá kì í kọ ewì sílẹ̀ tí kò bá tíì parí. Inú ni wọ́n ti ń ṣe é. Láràárọ̀, tí mo bá ti gbé wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka wọn kí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ má baà yẹ̀, wọ́n á ka gbogbo èyí tó ti wà nílẹ̀, wọ́n á wá fi ìlà kan tàbí méjì kún un. Ó dìgbà tó bá parí kí wọ́n tó mú bírò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n débi pé ṣíbí gan-an ò dúró níbẹ̀. Ewì nípa ìyàwó wọn tó ti kú ni wọ́n wà lórí rẹ̀, èyí tó gùn jù láyé wọn, wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ títí tó fi máa parí, torí ìyá rẹ̀ ni. Èmi ni wọ́n ń kà á fún. "Ìwọ ò gbọ́ ọ," wọ́n wí, "ojú ò tì mí." Màá máa ká aṣọ, màá máa ṣe "hìn-ín, hìn-ín" bí ẹni tó gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kà á débi tó dé, wọ́n wá nawọ́ sí fóònù mi. "Amma," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, ìyá ni, bí àwa náà ṣe ń pe ọmọbìnrin wa ní ìyá mi, "fi nǹkan yẹn gba ohùn mi sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí. Èmi náà ò sì ní pẹ́ lọ."

Ọ̀rẹ́ mi, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni mo gbọ́. Ìwọ náà mọ̀ wá. Àgbà kan ò lè jókòó síwájú ẹ kó ní òun ń lọ, kí o ní ó dáa sà, ẹ jẹ́ kí n tan fóònù. Níbo lo ti jáde? Mo fi ọwọ́ yí orí ká, mo ta ìka dànù. "Ọlọ́run ò ní jẹ́, bàbá. Ẹ máa pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ yín kọ ọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, tí mo bá tẹ fóònù yẹn, mo ti bá wọn fọwọ́ sí i nìyẹn pé kí wọ́n máa lọ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún bẹ̀ mí, mo tún fi àdúrà dá wọn lóhùn. Ìgbà kẹta, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Amma, jọ̀ọ́," ni wọ́n sọ, jẹ́jẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí ara mi. Mo tiẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí mo ṣe lé ọ̀rọ̀ ikú kúrò lẹ́nu bàbá kan, wọ́n sì ní mo ṣeun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà kẹta yẹn tí rọpárọsẹ̀ fi gbé wọn dè. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé láti ọsibítù, ẹnu ti wọ́, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló máa jáde. Mo gbé wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí àtẹ̀yìnwá, ni àtàǹpàkò ọwọ́ òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkèé ìka. Ewì náà ń lọ. Ó ń lọ nínú wọn látìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n tiẹ̀ ń fi kún un, kò sì sí etí tó lè gbọ́ ọ. Mo gbé fóònù síwájú wọn, mo tẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á pa ojú dé. Ohun tí mo gbà sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi: mímí wọn, ìró fáànù, àti ohùn tèmi tó ń sọ pé, "Ẹ gbìyànjú, bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tó yá, ìka náà dúró.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sun òkú wọn tán bí àṣà wọn, ọmọ wọn ní kí n wá. Ó gbé tíì síwájú mi. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ń pè láti India, pé bàbá ti sọ fún wọn pé ewì ìyàwó òun kù díẹ̀ kó parí. "Ṣé ìwọ gbọ́ nǹkan kan?" Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo mọ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹnu Yorùbá mi kà á. Ó di tábìlì mú. Ó ní odò ẹ̀yìn ilé wọn ní India ló wà níbẹ̀, àti orúkọ tí bàbá òun nìkan fi ń pe ìyá òun. "Kí ló tẹ̀ lé e?" Mi ò mọ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí mo ṣe kọ̀, pé nílé tiwa a kì í gbà fún àgbà pé ó ń lọ, àdúrà là ń gbà fún un. Kò pariwo. "Kì í ṣe ikú ni dádì ń bá ẹ sọ," ó wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kọ́ọ̀bù.

Mo ti rò ó títí, ó ti sú mi. Etí tèmi ni kò lè gba ọ̀rọ̀ ikú, mo wá pe ìbẹ̀rù mi ní ìwà ọmọlúàbí. Àdúrà ni mo fi pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé àdúrà ọ̀hún gbà. Mo ní wọ́n máa pẹ́, wọ́n sì pẹ́ lóòótọ́: oṣù méje gbáko, ewì wà nínú wọn, kò sì sí ẹnu tí wọ́n máa fi kà á.