Àbúrò Tó Dá Tírélà Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Monísọ́lá àti ọkọ rẹ̀, Dáramọ́lá, ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé Lilburn. Houston ni wọ́n ti gbéra. Pickup ọkọ rẹ̀ ló ń fa tírélà funfun tí wọ́n rà nígbà tí Monísọ́lá fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, balùwẹ̀ tí ènìyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó rí láti ọdún gbọọrọ, láìni onílé kankan lára.

Ilé àbúrò rẹ̀, Bámgbóyè, ní Lilburn ló ń fojú sọ́nà fún jù. Monísọ́lá ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì gbáko ni Bámgbóyè fi sùn nínú pálọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yà wọ driveway, ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀, Bámgbóyè ti dúró síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ọlọ́pàá. Kò dọ̀bálẹ̀, ó kàn tẹ̀ríba díẹ̀.

"Aunty mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé. HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, kì í gba irú nǹkan yìí."

"Irú nǹkan wo?"

"Tírélà. Ibi ìpáàkì kan wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì. Ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ wá kí wa lọ́la."

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù? Níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí? Èmi, Bámgbóyè?"

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Gbólóhùn yẹn wọ Monísọ́lá lára bí abẹ́rẹ́. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ máa lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Dáramọ́lá tó fi ẹ̀yìn wa tírélà náà jáde láàárín àwọn ọkọ̀ tó wà létí ọ̀nà. Kò tíì ṣe é dé ìdajì tí Bámgbóyè fi wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Jonesboro ni wọ́n forí lé, ọ̀dọ̀ Hajarah, tí òun àti Monísọ́lá jọ gbé yàrá kan nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ilé Hajarah kò tóbi, àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó sì fa wáyà iná láti ojú fèrèsé wọ inú tírélà.

"Àwa tá a jọ ń pín bẹ́ẹ̀dì kan lò," ó wí. "Tó o bá jí lọ síbi iṣẹ́, èmi á dùbúlẹ̀. Ibo lo tún fẹ́ sùn?"

Monísọ́lá bú sẹ́kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hephzibah, ìyàwó Bámgbóyè, pè é.

"Aunty, ẹ forí jì wá. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lánàá. HOA ti fún wa láṣẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé kí tírélà yín wà nílé wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ àbúrò yín ló ń bọ̀ wá jẹun lálẹ́ àná, kò fẹ́ kí wọ́n bá tírélà lẹ́nu ọ̀nà."

Monísọ́lá dìde fùú. Irọ́! Bámgbóyè fi òfin bojú, ó purọ́ fún òun!

Nígbà tí Bámgbóyè dé lọ́sàn-án, gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ sórí koríko Hajarah. Monísọ́lá kò ní kó dìde.

"Ká ní o sọ fún mi pé o ní àlejò, ṣé mi ò ní lọ ṣeré títí wọ́n á fi jẹun tán?" Ohùn rẹ̀ ròkè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo gbé ẹ pọ̀n, èmi lo fẹ́ fi pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù! Kí lo fi mí pè?"

"Aunty, mo jẹ̀bi."

"O jẹ̀bi. O jẹ̀bi púpọ̀."

Dáramọ́lá ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní kí ọkùnrin náà dìde. Àmọ́ nígbà tí Bámgbóyè bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé, ó kọ̀. Ó ní kó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wá kí òun ní Jonesboro, ibi tí wọ́n ti gba òun. Wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbá àwọn ọmọ mọ́ra, ó di Hephzibah lọ́wọ́ mú pẹ́ títí. Bàbá wọn kí i, ó dáhùn, kò sì wò ó lójú.

Ní ọjọ́ Ajé, Monísọ́lá àti ọkọ rẹ̀ kọrí sí Charlotte láìyà sí Lilburn.